Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ehoro Ermano

Kò sí àárọ̀ kan nígbà òtútù ní abúlé Jasenik tí èéfín kì í rú lórí ilé Ermano. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, èéfín náà á ti yọ, á dúdú, á nípọn, á gòkè lọ bí ẹni pé póòpù tuntun ni wọ́n ń yàn nínú ilé náà tí wọn kò tíì rí ẹni tó yẹ. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé kọfí Zvane á gbójú sókè, wọ́n á mi orí. Wọ́n á ní Ermano ti jí, ọkùnrin gidi nìyẹn, ààrò bàbá rẹ̀ ló ṣì ń lò.

Ermano alára á wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, á máa wo bí wọ́n ṣe ń mi orí. Igi tútù ló máa ń kó sínú ààrò, nítorí èéfín igi gbígbẹ kì í pọ̀, èéfín tí kò bá sì pọ̀, ta ni yóò rí i láti ilé kọfí? Bí wọ́n bá ti rí i tán, á jẹ́ kí iná náà kú, á padà sídìí kọfí rẹ̀ nínú ilé tó ti móoru tẹ́lẹ̀.

Ilé náà ti móoru tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ti pàdé ọgbà àjàrà, Ermano kan ilé ehoro kan tó ga ju ohun tí ehoro nílò lọ. Ẹ̀yìn ilé ehoro yìí ni àpótí funfun kan fara pamọ́ sí. Ó jọ àpótí ẹ̀rọ amúlétutù tó máa ń wà lára ògiri báńkì, ṣùgbọ́n òdìkejì iṣẹ́ yẹn ni tirẹ̀: ooru díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣà jọ, àní lọ́jọ́ òtútù pàápàá, tó sì ń kó wọ inú ilé. Atẹ́gùn tútù tó bá ṣẹ́ kù, ìta ló ń tú u sí. Àwọn ehoro ló ń jẹ ẹ́. Tọ̀sán tòru ni etí wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Tonka, ìyàwó Ermano, ti hun bùláńkẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Tonka ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún àpótí náà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nígbà tí eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé igi mọ́. Inú Àpò Ilé-Móoru ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ti wá. Inú owó-orí èéfín ni Àpò Ilé-Móoru náà sì ti ń rí owó, ìyẹn owó-orí tí wọ́n gbé lé epo ọkọ̀, epo ààrò àti èédú, kí ènìyàn lè dín sísun wọn kù, kí ojú-ọjọ́ má bàa bàjẹ́ ju báyìí lọ.

Owó-orí yìí kan náà ni Ermano máa ń bú ní ilé kọfí láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Kò sí ẹni tó lè bú u bíi tirẹ̀. Ó ní lónìí owó-orí èéfín, lọ́la owó-orí èémí, lọ́túnla wọ́n á máa bá wa ka iye ìgbà tí a sín. Ọ̀rọ̀ yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń tún un sọ ní abúlé kejì, tí wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí gbogbo abúlé sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà ọdọọdún ní ìlú ni wọ́n wá fi àpótí náà sí ara ògiri. Kí àwọn ará abúlé tó padà dé, pákó ilé ehoro ti dúró. Ermano mú Tonka búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tonka béèrè ìdí rẹ̀. Ermano ní, "Kí layé máa wí?"

Ẹni tí ó bá mọ ipò Ermano yóò lóye ẹ̀rù rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ìgbà òtútù bá ti ń parí lọ, a máa ń di ère koríko kan tí à ń pè ní Pust. A ó wọṣọ fún un, a ó gbé e jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì dá a lẹ́jọ́ fún gbogbo aburú tó ṣẹlẹ̀ láti èṣí. Kò sí Pust tó jàre rí. A ó dáná sun ún, ọ̀ràn á tán, ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ Lẹ́ńtì á bẹ̀rẹ̀. Ermano ni olùfisùn, bí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń bojú lọ́jọ́ náà àfi olùfisùn nìkan, nítorí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ já gaara. Tonka ní kì í ṣe nítorí ohùn rárá. Ó ní ojú tó wu Ermano jù láyé ni, kò sì sí bí ó ṣe lè gbà kí wọ́n bò ó.

Ìyá Vicenca ń gbé lódìkejì ògiri. Opó ni, kò ní ehoro, kò sì ní àpótí. Sítóòfù elépo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń lò, epo sì ti gbówó lórí. Ní èṣí, ó wọ ilé kọfí lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé Àpò Ilé-Móoru ń ran ènìyàn lọ́wọ́, àti bóyá kí òun náà lọ forúkọ sílẹ̀. Ermano ló kọjú sí, torí ó gbà pé ó lóye. Ilé kọfí kún. Ermano wo ojú àwọn ènìyàn, ó fọwọ́ pa irunmú rẹ̀.

"Ìyá Vicenca," ó ní, "àpótí ni wọ́n á gbé fún yín lónìí. Lọ́la wọ́n á wá bá yín ṣí òrùlé lọ."

Ẹ̀rín sọ. Zvane fi aṣọ ìnuwọ́ nu omi ojú. Ìyá Vicenca náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń lọ sílé. Kò béèrè mọ́.

Láti ìgbà tí òtútù ọdún yìí ti dé, yàrá ìdáná ló ń sùn sí, tòun ti kóòtù àti fìlà. Ermano mọ̀, torí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ọjọ́ tó tẹ̀lé ọdún Pust ni Àpò Ilé-Móoru yóò dẹ́kun gbígba orúkọ, tó bá sì di ọjọ́ náà tí ìyá yìí kò lọ, ó di ọdún mìíràn, ìgbà òtútù mìíràn. Lójoojúmọ́ ló ń gbèrò láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí kò ní sọ bí òun ṣe mọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí ọ̀ràn Ondina tó wọ̀ ọ́.

Ondina ni ọmọ ọmọ Ermano, ọmọ yunifásítì ní ìlú ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná jó igbó orí òkè wa, kànga sì gbẹ. Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, Ondina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n lọ jókòó sójú títì etíkun láàárọ̀, wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni bọ́ọ̀sì Jasenik. Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Zvane wà nínú rẹ̀, eyín ń ro ó, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló ń lọ. Kò débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ojú-ọjọ́ ní ilé kọfí, Zvane á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Òun ló dábàá pé kí Pust ọdún yìí wọ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè. Ó ní kí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ń jókòó sójú títì àti ẹ̀ṣẹ̀ owó-orí èéfín wà lórí ère kan ṣoṣo, ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Gbogbo ilé kọfí gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Ermano, wọ́n ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò sọ̀rọ̀.

Ermano ì bá ti kọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó rí ojú wọn, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé òun yóò rojọ́ lọ́dún yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rojọ́ dé rí.

Nígbà tí Tonka gbọ́, kò bá a jà. Kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, àwọn ehoro ló ń bá sọ ọ́. Á bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé wọn, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún olówó yín pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ra àtẹ́wọ́, ọjà rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́."

Ondina dé nígbà tí ọdún ku ọjọ́ díẹ̀. Zvane fi ẹ̀rín sọ fún un pé wọ́n ń wá olùgbèjà fún Pust. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ iṣẹ́ yẹn: olùgbèjà á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á da ìyẹ̀fun sí i lórí, ó parí. Ondina dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun gbà. Bó ṣe dúpẹ́ yẹn kò bá Zvane lára mu.

Ondina tẹ̀lé Tonka, ìyá ìyá rẹ̀, káàkiri abúlé láti pín fritule, ìyẹn bíi púfúpúfù kéékèèké tí wọ́n ń da ṣúgà sí lára, tí ọdún Pust kò ní dùn láìsí i. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí wọn kò dé. Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, ó wá jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ehoro, ó jẹ fritule kan, ó gbé ìkejì fún un.

"Bàbá àgbà, àwọn ehoro yín ń kùn."

"Ehoro máa ń kùn."

"N kò gbọ́ ehoro tó ń kùn rí."

"Ti ibí yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ni."

Ondina na ọwọ́ sẹ́yìn pákó, ó jẹ́ kí atẹ́gùn tútù fẹ́ ẹ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, torí kò sí ààrò igi tó ń mú gbogbo igun ilé móoru dọ́gba bẹ́ẹ̀.

Ermano wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, òun kò ní lè dé fìlà gogoro olùfisùn mọ́ láyé. Ó ní gbogbo abúlé ló kórìíra owó-orí yìí.

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n kórìíra rẹ̀?"

"Wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́."

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Ermano ronú sí i. Ìdáhùn tó rí kò wù ú, nítorí náà ó jẹ fritule.

Ondina ní òun yóò béèrè ìbéèrè kan lọ́la. Ó rí i bí ojú bàbá àgbà rẹ̀ ṣe yí padà, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀yin kọ́ ni màá bi," ó ní. Ó sì dìde lọ ran ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ òkun, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti kún. Àwọn alágogo dé, awọ àgùntàn léjìká, ìwo lórí, agogo ńláńlá nídìí, tí wọ́n ń mi ìdí tí ilẹ̀ ń dún. Gbogbo ènìyàn ló bojú. Àwọn kan di béárì, àwọn kan di ìyàwó tuntun tó ní irùngbọ̀n, ẹnìkan tilẹ̀ di fíríìjì. Kódà àwọn tí kì í ṣe alágogo so agogo ewúrẹ́ mọ́ ìdí, bí àṣà. Ìyá Vicenca nìkan ni kò bojú. Ó ní fìlà òun ti bo èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n gbé àga fún un níwájú, ó jókòó tòun ti kóòtù rẹ̀.

Pust jókòó lókè, aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn. Zvane ni adájọ́, ó fi irun àgùntàn ṣe irun orí, ó mú ìkòkò àti ṣíbí igi dání láti fi pe ìdákẹ́jẹ́. Ermano bọ́ síwájú, fìlà gogoro dúdú lórí, irunmú rẹ̀ ń dán.

Ká má parọ́, ó dùn ún gbọ́. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ Pust sílẹ̀: ó rọ yìnyín sórí àjàrà, ó mú kí wáìnì Zvane kan, ó mú kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé gba góòlù sílé lọ́wọ́ gọ́ọ̀lì ara wọn, ó jókòó sójú títì tí eyín adájọ́ fi wú, ó sì bí owó-orí èéfín sí wa lọ́rùn. Nígbà tó dé orí owó-orí èémí, àwọn ènìyàn ń bá a sọ ọ́. Kò bojú wo ibi tí Tonka wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ irú ẹyẹ tí Tonka fi bojú.

Zvane lu ìkòkò, ó ní kí olùgbèjà wá sọ gbólóhùn rẹ̀. Àwọn oníyẹ̀fun múra sílẹ̀.

Olùgbèjà jáde. Ojú ehoro ló fi bojú, etí gígùn méjì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, Ermano nìkan ló fọwọ́ di fìlà gogoro rẹ̀ mú.

Ondina ní kí wọ́n dúró ná pẹ̀lú ìyẹ̀fun wọn, torí òun yóò gba ẹ̀ṣẹ̀ kan kí òun tó gbèjà ọ̀kan. Ó kọjú sí Zvane. "Adájọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, a jẹ̀bi. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà ti ń ṣe ju tiwa lọ láti dín èéfín kù, òun la wá dá dúró. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ eyín yín."

Kò sẹ́ni tó retí èyí. Zvane fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní ilé ẹjọ́ ti gbọ́.

Ondina ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí ẹni tí kò fẹ́ràn ibi tí àwọn jókòó sí máa bínú sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohun tí àwọn ń wí di irọ́, iná tó jó igbó wa kò sì béèrè ẹni tó jókòó sójú títì. Ó ní ti owó-orí, òun mọ̀ pé ó ń ta ẹni tó ń gbé orí òkè tí bọ́ọ̀sì kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ṣẹ̀ bó bá pariwo. Ẹ jẹ́ kó pariwo pé kí bọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, kí owó náà sì padà wá sí abúlé.

"Odò tó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá ni owó-orí yìí," ó ní. "Ẹni tí kò gbé korobá lọ, kó má sọ pé odò kò lómi. Mo fẹ́ béèrè ìbéèrè kan. Lónìí a ti bojú, n kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ní àpótí funfun lẹ́yìn ilé rẹ̀, kó mi ìdí."

Bura, afẹ́fẹ́ tútù tó máa ń ti orí òkè wá, ń fẹ́ aṣọ Pust. Àwọn tó bojú ń fi ihò ojú wọn wo ara wọn.

Agogo kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kékeré, bí ẹni pé ó ṣèèṣì. Fíríìjì ló dún. Lẹ́yìn náà béárì kan. Lẹ́yìn náà ìyàwó onírùngbọ̀n. Alágogo kan mi ìdí rẹ̀, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó, òun náà sì mi tirẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo agogo ti gbà á, ó ń ró, ó ń ró, àwọn ẹyẹlé fò kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan ń pariwo láàárín ariwo náà pé abẹ́ ère Antoni Mímọ́ ni tòun wà. Ẹlòmíràn ní òun kó àgbá wáìnì bò ó. Adájọ́ kò ní agogo, ṣùgbọ́n ó gbé ṣíbí sókè, ó fi lu ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára wo ojú ọ̀run.

Ermano dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Zvane? Zvane tó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu omi ojú? Èébú tó ń bú owó-orí fún wọn, inú ilé móoru ni wọ́n ti ń wá gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn tó ń sá fún, òun gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Díẹ̀díẹ̀ agogo dákẹ́. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí ohùn kan dún níwájú, kò pariwo.

"Ṣé èmi nìkan ló wá kù ni?"

Ìyá Vicenca ni. Ó ń wò wọ́n, láti orí béárì dé orí fíríìjì.

"Mo bi yín léèrè. Mo wá sí ilé kọfí, mo bi yín léèrè níwájú gbogbo yín. Ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn. Mo rò pé ẹ mọ nǹkan tí n kò mọ̀ ni."

Ojú ti béárì. Ojú ti ìyàwó tuntun. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi bo ìtìjú tiwọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò ní, òun náà ló sì dáhùn lọ́jọ́ náà ní ilé kọfí. Gbogbo ìbòjú yí sí i.

Ermano ṣí fìlà gogoro lórí.

"Ẹ̀yìn ilé ehoro," ó ní.

"Kí ló wà lẹ́yìn ilé ehoro?" Adájọ́ ló béèrè.

"Àpótí. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ilé mi móoru, Ìyá Vicenca. Ìgbà tí mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá, ó móoru. Òrùlé mi ṣì wà lórí rẹ̀."

"Èéfín tó ń rú láràárọ̀ wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" ni ẹnìkan béèrè láàárín èrò.

"Igi tútù ni. Ẹ̀yin ni mo ń sun ún fún."

Ẹ̀rín tó bú kì í ṣe irú èyí tó ti ń bẹ̀rù. Ẹ̀rín àwọn tó jọ jẹ gbèsè kan náà ni. Ẹyẹ kan tó dúró lẹ́yìn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun sọ fún ọkùnrin yẹn pé oúnjẹ alẹ́ wà fún un nílé, kò sì tipasẹ̀ ehoro sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n olùfisùn ni Ermano, kò sì lè fi ẹjọ́ sílẹ̀ lágbede méjì. Ó gun orí àga, ó bọ́ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè kúrò lọ́rùn Pust, ó nà án sí Ìyá Vicenca pé kó fi bo itan, torí afẹ́fẹ́ ń le. Ó mú fìlà gogoro tirẹ̀, ó fi dé Pust lórí. Ó ní òun yí ẹ̀sùn padà. Ó ní orúkọ ẹni tó jókòó síbí gan-an ni Kí-Layé-Máa-Wí. Òun ló mú kí ọkùnrin àgbà máa dáná kí ará ìta lè rí èéfín. Òun ló mú kí ehoro ní kátá. Òun ló mú kí ìyá kan máa sùn pẹ̀lú fìlà nígbà tí gbogbo abúlé mọ ibi tí ooru wà.

Zvane kò tilẹ̀ lu ìkòkò. "Ó jẹ̀bi," ni gbogbo wọn wí, ó dún bí ẹnu kan. Wọ́n dáná sí i. Ìyá Vicenca sún àga rẹ̀ sí ìdí iná, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ẹnìkan bi Ondina bóyá wọn kò ní gba owó-orí lórí èéfín Pust báyìí. Ó ní koríko nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìgbéraga sì ni ìyókù, ìyẹn kò tíì sí nínú òfin.

Ní ọjọ́ kejì, bí bọ́ọ̀sì àárọ̀ ṣe dé, Ermano gba ìta ilé kọfí kọjá, Ìyá Vicenca di apá rẹ̀ mú, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára wọn. Ondina tẹ̀lé wọn pẹ̀lú báàgì. Awakọ̀ rí aṣọ òjò Ondina tó so mọ́ báàgì náà, ó ní kí àwọn èrò jókòó pẹ̀sẹ̀, torí lónìí ẹni tó ń dínà ti wà nínú ọkọ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gba orúkọ ìyá náà kí ilẹ̀kùn tó tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó sì ń wo Ermano bó ṣe ń bi í: ṣé wọn kò ní wá ṣí òrùlé òun lọ?

Kí ìgbà òtútù tó ń bọ̀ tó dé, àpótí ti wà lára ògiri Ìyá Vicenca, ní iwájú ilé, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò òdòdó, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ìyá náà ti ń sùn nínú yàrá rẹ̀ báyìí. Àwọn ehoro ti kó lọ sí abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, etí wọn sì ti balẹ̀. Èéfín kò rú lórí ilé Ermano mọ́. Ní ilé kọfí, wọ́n ń bi í bóyá ilé rẹ̀ ti kú ni. Ó ní ó ń sinmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gba ìbínú ilé kọfí gẹ́gẹ́ bí ìbò. Ẹni tó ń pariwo jù lè jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ móoru jù. Bí wọ́n bá gbé owó-orí lé èéfín, ẹ béèrè ibi tí owó náà ń lọ, kí ẹ sì lọ gba ìpín yín níbẹ̀ kí àkókò tó kọjá. Bó bá ń ni yín lára ju bó ti yẹ lọ, ẹ sọ ọ́ síta ní ibi tí wọn yóò ti gbọ́, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ọ̀dọ́ bá jókòó sójú títì, ẹ lè bá a wí nípa ibi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ohun kan bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe gbé e pamọ́ nítorí ohun tí ayé máa wí. Àwọn àgbà ti ní èéfín ni ìwà, kò sí bí a ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ya ilé aládùúgbò yín lónìí, kí ẹ bi í léèrè bóyá ilé rẹ̀ móoru. Bó bá sì jẹ́ òun ló wá bi yín, ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tó wà lẹ́yìn ilé ehoro yín kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.